Ta Ni Ó Tóbi Jùlọ Nínú Àwọn Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí alẹ́ Sátidé kan tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kíláàsì òkè kì í jiyàn lórí àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Bí ọ̀kan bá ní Muhammad Ali ni ó tóbi jùlọ, èkejì a ní kò sí ẹni tí ó tó Rocky Marciano, ẹni tí ó ja ìjà 49 tí kò sì pàdánù ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ṣágámù wá, a máa pariwo orúkọ Anthony Joshua títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Ní ọjọ́ kan wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá síwájú mi kí n dá a. Ọ̀rọ̀ eré ni mo kà á sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbìyànjú láti fún wọn ní èsì, mo rí i pé ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti eré rárá. Kí ni a ń wọ̀n nígbà tí a bá ní ẹnìkan tóbi ju gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó dí wa lọ́nà ni pé ìjà tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí jà kì í ṣe irú kan náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, 1889, John L. Sullivan bá Jake Kilrain jà ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, láìsí ìbọ̀wọ́, nínú oòrùn gangan. Abala 75 ni wọ́n jà, ó sì lé ní wákàtí méjì kí àwọn tí ó dúró ti Kilrain tó gbà pé ó tó. Nítorí nínú òfin ìjà náà, abala kan kò parí àfi bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀. Ní òde òní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni abala kan, méjìlá péré sì ni abala ìjà adé. Marciano kò wọ̀n tó 190 pọ́ùn ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà lórí oyè. Joshua wọ̀n 250 pọ́ùn ní alẹ́ tí ó borí Wladimir Klitschko ní Wembley ní oṣù Kẹrin, 2017. Ní 1969 àwọn kan tilẹ̀ gbé ẹjọ́ náà fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ní kí Ali àti Marciano fúnra wọn wá ṣe eré ìjà náà kí a lè yà á sí fíìmù. Marciano kú nínú jàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Nígbà tí a fi fíìmù náà hàn ní oṣù Kìíní, 1970, Marciano ni ẹ̀rọ sọ pé ó borí, ní abala kẹtàlá. Èmi kò tí ì rí ẹnìkan tí ẹ̀rọ náà yí lọ́kàn padà.

Nítorí náà àwọn tí ń jiyàn a máa sá sí abẹ́ ìṣirò. Wọn a ka iye ènìyàn tí olúkúlùkù lù ṣubú, wọn a ka iye ọdún tí ó lò lórí oyè, ẹni tí tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni wọn yóò gbé adé fún. Èmi kò kẹ́gàn ìṣirò, nítorí olùkọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò yìí ní ojú-ewé kan tí a ti ya kúrò nínú rẹ̀. A kọ orúkọ àwọn tí akọni náà lù síbẹ̀. A kò kọ orúkọ àwọn tí ó kọ̀ láti bá jà. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ọmọdé ni, a lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ nípa àgbàlagbà tí ó mọ ọ̀nà oko náà, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti dé ibẹ̀, kí ó má baà rí bí ó ti tóbi tó?

Sullivan rìn ní ọ̀nà búburú yìí. Láti 1882 tí ó ti gba oyè títí di 1892 tí James Corbett gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní New Orleans, kò bá adúláwọ̀ kankan jà fún adé, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé òun kì yóò ṣe é. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Peter Jackson, ọmọ erékùṣù St. Croix, ẹni tí ó di ọ̀gá àwọn oníjà ẹ̀ṣẹ́ ní Ọsirélíà ní 1886. Jackson la òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Sullivan kò jáde sí i. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, 1891, ó bá Corbett jà ní San Francisco. Abala 61 ni wọ́n jà, títí agbára fi tán nínú àwọn méjèèjì, a sì dá ìjà dúró láìsí olúborí. Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni Corbett kan náà lu Sullivan bolẹ̀ tí ó sì di ọ̀gá ayé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni a ó wá pe Jackson? Ikọ́ ife pa á ní Ọsirélíà ní 1901, adé ayé kò sì kan orí rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé aláwọ̀ funfun nìkan ni mo ń bá wí. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti Jack Johnson. Ọmọ àwọn tí ó ti ṣe ẹrú rí ni Johnson, ní Galveston ní ìpínlẹ̀ Texas ni a bí i ní 1878. Ó lépa Tommy Burns kọjá òkun títí ó fi bá a ní Sydney, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, 1908, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti dá ìjà náà dúró nítorí ìyà tí ó fi ń jẹ Burns. Báyìí ni adúláwọ̀ kìíní ṣe di ọ̀gá ayé nínú àwọn oníjà wíwúwo. Wọ́n bẹ Jim Jeffries kí ó padà wá jà láti gba oyè náà fún àwọn ènìyàn rẹ̀; Johnson lù ú ní Reno ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1910, nítorí èyí nìkan sì ni àwọn aláwọ̀ funfun fi dìde sí àwọn adúláwọ̀ ní ìlú púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí a sì pa ènìyàn. Ní 1913 ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, ẹ̀bi tí ìjọba Amẹ́ríkà kò mú kúrò lórí orúkọ rẹ̀ àfi ní 2018, nígbà tí ó ti kú láti 1946.

Ìyà yìí jẹ ẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan wà tí à ń pè ní Sam Langford, adúláwọ̀ láti Nova Scotia ní Kánádà, kúkúrú ènìyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wúwo bí òòlù alágbẹ̀dẹ. Johnson ti borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní 1906, kí ó tó gorí oyè, nígbà tí Langford kò tí ì sanra. Lẹ́yìn tí ó gorí oyè, Langford bẹ̀ ẹ́, ó gàn án, ó lépa rẹ̀. Johnson kò fún un ní àyè. Nínú ọdún tí ó lé ní mẹ́fà tí ó fi jọba, adúláwọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbà láyè láti bá òun du adé, èyíinì ni Battling Jim Johnson ní Paris ní oṣù Kejìlá, 1913. Ìjà pẹ̀lú aláwọ̀ funfun ni ó ń mú owó wọlé. Ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú, tí ó mọ bí ó ti ń ta ni, òun náà wọlé tán, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ojú Langford fọ́ nígbẹ̀yìn. Ní 1944 oníwèé ìròyìn kan wá a kàn ní Harlem, nínú yàrá kékeré kan, ó fọ́jú, kò sì ní owó lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn dáwó jọ fún un títí ó fi kú ní 1956.

Ti Jack Dempsey kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jọba láti 1919 dé 1926, Harry Wills adúláwọ̀ sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní New York pàápàá ní kí ó bá Wills jà. Ìjà kò ṣẹ; ọdún mẹ́ta gbáko kọjá tí Dempsey kò gbé adé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti du, Gene Tunney ni ó sì wá gbà á ní Philadelphia.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára, n kò ní fi í pa mọ́. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wa tí n kò borí rí nínú ìṣirò. Òun a ṣe ìkìíní, èmi a ṣe ìkejì. Ní ọdún tí a ó jáde, nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lé e lọ sílé nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́, kò sì padà. Èmi ni mo ṣe ìkìíní. Wọ́n fún mi ní ìwé atúmọ̀-èdè kan níwájú gbogbo òbí, ìyá mi sì jó. N kò purọ́, n kò jí ìwé wò, èmi kọ́ ni mo sì lé ọmọ náà. Ẹ̀bi mi ni pé inú mi dùn nígbà tí mo wo àyè rẹ̀ tí mo rí i pé ó ṣófo. Mo máa ń ronú kan Jékọ́bù, ẹni tí ó gba ìre nígbà tí Ísọ̀ wà ní oko ọdẹ: ìre náà mọ́ ọn lórí, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọdún tí ó fi bẹ̀rù láti rí ojú arákùnrin rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, sọ pé mo ń da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ó ní ìwà yàtọ̀, ẹ̀ṣẹ́ yàtọ̀. Sámúsìnì kì í ṣe ènìyàn mímọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè ní kò lágbára. Ó tún ní àwọn alágbàtà ni ó ń ṣètò ìjà, àti pé bí ayé ìgbà náà ti rí nìyẹn. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ́ Dempsey le, n ó ní ó le, n kò sì ní béèrè irú ìwà tí ó ń hù. Ṣùgbọ́n oyè ọ̀gá ayé kì í ṣe ẹ̀rí nípa ọwọ́ ẹnìkan nìkan. Ẹ̀rí nípa àwọn yòókù ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá jẹ oyè náà ń sọ pé a ti pe gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó borí òun. Bí kò bá pe gbogbo wọn, ẹ̀rí náà kò pé. Nítorí náà ìwà yìí kò sí lẹ́yìn ìṣirò. Inú ìṣirò gan-an ni ó wà. Ní ti àwọn alágbàtà, n kò gbọ́ pé ẹnìkan di Dempsey lọ́wọ́ mú.

Bí a bá fi ipá mú mi dárúkọ ẹnìkan, Joe Louis ni n ó dárúkọ. Láti oṣù Kẹfà 1937 dé oṣù Kẹta 1949 ni ó fi jọba, ìgbà 25 ni ó sì gbé adé náà sílẹ̀ tí ó tún gbé e padà. Láti oṣù Kejìlá 1940 dé oṣù Kẹfà 1941 oṣooṣù ni ó ń jà, tí àwọn oníwèé ìròyìn fi ń fi àwọn tí ó ń lù ṣe yẹ̀yẹ́; ẹni tí ó sì jà kẹ́yìn nínú wọn, Billy Conn, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba adé lọ kí Louis tó lù ú ṣubú ní abala kẹtàlá. Ní 1939 ó gba adúláwọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, John Henry Lewis, láyè, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti 1913. Ní oṣù Kejìlá, 1947, Jersey Joe Walcott gbá a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn adájọ́ fún Louis ní ìjà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní wọ́n ṣe ojúsàájú. Kí ni Louis ṣe? Ní oṣù Kẹfà 1948 ó tún pè é, ó sì lù ú. Nítorí èyí kan náà ni n kò fi rí ìtìjú lára ọmọ Ṣágámù tí àwọn ọmọ wa ń pariwo. Usyk borí rẹ̀ ní 2021, ó tún padà lọ bá a ní 2022, ó tún pàdánù, ṣùgbọ́n kò sá.

A lè sọ pé wọ́n kọ́ Louis ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni, kí ó má baà dà bí Johnson: kí ó má ṣe rẹ́rìn-ín lórí ẹni tí ó bá ṣubú, kí ó má ṣe bá obìnrin aláwọ̀ funfun ya àwòrán. Òtítọ́ ni, ẹrù wúwo ni wọ́n sì gbé lé e lórí, tí a kò gbé lé Dempsey. N kò yìn ín nítorí ìyẹn. Èrè ìjà méjì ní 1942 ni ó fi ta ilé-iṣẹ́ ológun lọ́rẹ. Gbèsè owó-orí sì tún lé e padà sínú ìjà títí Marciano fi lù ú ní 1951. Nígbà tí ó kú ní 1981, Max Schmeling ará Jámánì, ẹni tí ó lù ní ìṣẹ́jú méjì lé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ní 1938, wà lára àwọn tí ó san owó ìsìnkú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kò gbà. Ali ni tirẹ̀: ó ní Ali kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, ó bá Liston, Frazier, Foreman jà, ó sì jẹ́ kí wọ́n gba adé lórí òun ní 1967 ju kí ó lọ ja ogun tí ọkàn rẹ̀ kọ̀ lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Frazier tí ó ràn án lọ́wọ́ nígbà tí a lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó pè ní ìnàkí lójú gbogbo ayé ní 1975. Ó ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwà. A ó tún jà á nígbà ìsinmi Àjíǹde.