TA NI Ó FÚN Ẹ̀RÚN NÍ ÌWÚWO?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ohun tí ojú wa tó àti èyí tí ojú wa kò tó.

Bí ọ̀dọ́ wa kan bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ rí ohun tí àwọn kan ń pè ní “ẹ̀rún Ọlọ́hun”, ẹ̀rù lè bà á pé ọ̀rọ̀ ẹbọ ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́ ná.

Nínú àwọn ẹ̀rún tí ó kéré jùlọ nínú ìṣẹ̀dá, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìwúwo, ṣùgbọ́n fótọ́ọ̀nù, ẹ̀rún ìmọ́lẹ̀, kò ní. Kí ló fà á? Ní ọdún 1964, Peter Higgs ní Edinburgh, àti François Englert pẹ̀lú Robert Brout ní Brussels, ṣàlàyé pé pápá kan lè wà tí ojú kò rí, tí ó kún gbogbo àyè, tí ó ń fún ẹ̀rún ní ìwúwo. Ẹ wo abẹ́rẹ́ àti àwọ̀n nínú omi: abẹ́rẹ́ kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n omi di àwọ̀n mú. Ẹ̀rún tí pápá náà bá dì mú ni ó ní ìwúwo. Àkàwé lásán ni o: omi a máa dá nǹkan dúró, pápá yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn mú kí ẹ̀rún náà ṣòro láti sún, kí ó sì ṣòro láti dá dúró ni. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò bá ní ìwúwo, átọ́ọ̀mù kò ní lè dúró, kò ní sí omi, kò ní sí àwa náà.

Ọdún 48 ni wọ́n fi wá ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní CERN, lẹ́bàá Geneva, kéde ẹ̀rún tuntun, tí ìwúwo rẹ̀ tó bí ìlọ́po 133 ti púrótọ́ọ̀nù. Ẹ̀rún Higgs ni. Ní ti orúkọ tí ń bani lẹ́rù yẹn, àkọlé ìwé kan tí Leon Lederman àti Dick Teresi kọ ní 1993 ni ó ti wá. Higgs fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má sá fún ìwé nítorí orúkọ. Ẹ má sì sáré sọ pé a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, nígbà tí a kò tíì kọ́ ọ. Àwọn ẹlòmíràn fi ọdún 48 ṣe sùúrù; àwa ńkọ́, tí ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ń lé kúrò nídìí ẹ̀kọ́?

Pápá tí ó ń fún ẹ̀rún ní ìwúwo, ẹ̀dá ni òun náà. Bí ẹ̀rún kò bá dá ní ìwúwo fúnra rẹ̀, kí ni ọmọ ènìyàn rí tí ó fi ń gbéraga?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní. Ààmín.