Ta Ni Yóò Sanwó Àìsàn Àgbàlagbà?

Àwọn àgbà wa ló pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí dùn létí, pàápàá létí ẹni tó bí ọmọ tó yanjú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: bí ọmú ọmọ náà bá gbẹ ńkọ́? Bí ọmọ náà bá ní ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ tó ń mu ọmú kan náà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé tiwa lọ́dún tó kọjá. Bàbá mi, olùkọ́ tó fẹ̀yìntì lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ń gbé ní Agbówó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn láti ọjọ́ pípẹ́, àtọ̀gbẹ sì tẹ̀ lé e. Oògùn oṣooṣù ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì wọn bí ikán ṣe ń jẹ igi. Èmi àti àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá pinnu pé ká fi Bàbá sínú ètò adójútòfò ìlera, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí ìnṣọ́ránsì. Ibi tí a ti pinnu tán gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi fẹ́ ti aládàáni: káàdì tó ń dán, ilé ìwòsàn ńlá ní Bódìjà, kí Bàbá má tò lórí ìlà. Èmi fẹ́ ti ìjọba Ọ̀yọ́, OYSHIA, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 2016, nítorí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bàbá fúnra wọn kò fẹ́ ìkankan.

“Ẹ kó owó náà fún mi,” ni wọ́n wí. “N ó máa fi dá àjọ. Bí n kò bá ṣàìsàn, owó mi ń bẹ níbẹ̀. Ti ìnṣọ́ránsì yín yìí, bí n kò bá ṣàìsàn, wọ́n ti gbé e jẹ nìyẹn.”

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi Bàbá rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní Dùgbẹ̀ àti ní Challenge nìyẹn. Àjọ yé wa: iye tí o bá dá ni wàá kó. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró de ọjọ́ ìkójọ. Ẹni tó bá ń dá owó fún ara rẹ̀ nìkan, òun nìkan náà ni yóò ru àìsàn rẹ̀. Ní ti ìnṣọ́ránsì, èrò púpọ̀ ló pawọ́ pọ̀ ru ti ẹnì kan. Bí ilé aládùúgbò bá ń jó, ẹni tó gbé omi lọ kì í sọ pé omi òun ṣòfò nítorí pé ilé tòun kò jó. Ẹni tó dáwó tí kò ṣàìsàn, kí ló pàdánù? Oorun tó sùn láìsí ìrora náà ni èrè rẹ̀.

Nígbà tí mo wí báyìí tán, Bàbá ní ó dáa, ká pe àwọn aládàáni wá ná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó béèrè ọjọ́ orí Bàbá. Nígbà tó gbọ́ 72, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ nǹkan kan. Owó ẹni tó ti lé ní 65 ju ti àwa tó kù lọ dáadáa, àìsàn tó bá sì ti wà lára ènìyàn tẹ́lẹ̀, ètò náà kò ní tọ́jú rẹ̀ fún odindi ọdún kan. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi kọ èyí.

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. “Ọmọ mi, ṣé pé èyí tó ń ṣe mí lẹ ò ní tọ́jú, èyí tí kò ṣe mí lẹ máa tọ́jú?”

Ọmọkùnrin náà forí balẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Inú bí mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo ti lé e jáde. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi, ó ní: “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Bí gbogbo ènìyàn bá ń dúró di ìgbà tí ara wọn kò yá kí wọ́n tó wá, owó ta ni a ó fi tọ́jú wọn? Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ níbì kankan?”

N kò tí ì forúkọ sílẹ̀ o. Mo ti lé ní ogójì ọdún, ara mi le koko, mo sì ń wò ó pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni. Ìbéèrè yẹn bá mi sùn, ó bá mi jí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ wa. Ọdún 1999 ni òfin ìnṣọ́ránsì ìlera jáde ní Nàìjíríà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2005. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ṣíwájú. Òṣìṣẹ́ náà, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tí ì pé ọdún 18 ni wọ́n kà mọ́ ọn. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sí nínú iye yẹn. Nígbà tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ olówó oṣù ni wọ́n so ó mọ́, ọjọ́ tí owó oṣù bá dúró, agboorùn náà di pípa dé. Àsìkò tí òjò gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! UCH ti wà láti 1957, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó wà nínú rẹ̀ sì ti ṣí láti 2012. Ilẹ̀kùn wà, ẹni tó máa sanwó ẹnu ọ̀nà ni kò sí. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún 2022 ní dandan ni fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà láti wà nínú ìnṣọ́ránsì, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdúgbò yín: ènìyàn mélòó ló ní in?

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Òfin tí Gánà ṣe ní 2003 kò gba owó ìdásí lọ́wọ́ ẹni tó ti lé ní 70 ọdún. Amẹ́ríkà fi òfin gbé ètò Medicare kalẹ̀ ní 1965 fún ẹni tó ti pé ọdún 65. Wọ́n ní ìyàn tiwọn níbẹ̀: ẹlòmíràn mú ti ìjọba, ẹlòmíràn mú èyí tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń bójú tó. Síbẹ̀, bí àgbàlagbà bá pé 65, kò sí èyí tó lè sọ pé àìsàn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ ni pé àti ìgbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti ń dáwó náà látinú iṣẹ́ rẹ̀.

Níbi tí mo dé nìyí: ètò tó ń gba kìkì ẹni tí ara rẹ̀ le, òwò ni, kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ètò tí kìkì aláìsàn ń wọ̀, yóò wó lulẹ̀ láìpẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó kọ̀ láti dáwó, tó sì ń bú ètò pé kò gba bàbá òun, apá kan ẹ̀bi náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wà lọ́rùn mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yàn fún ara yín tàbí fún òbí yín, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé yóò tọ́jú àìsàn tó wà lára lónìí? Ṣé àgbàlagbà lè dé ilé ìwòsàn rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé e? Ta ni yóò máa sanwó náà, bí iṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún ńkọ́? Kí ẹ sì bi àgbàlagbà náà. Ara rẹ̀ ni.

Ti ìjọba ni Bàbá mú nígbẹ̀yìn. Owó tí àbúrò mi ìbá fi kún un fún ti aládàáni, a ń kó o jọ lọ́tọ̀ fún oògùn tí kò bá sí. Bàbá ní àjọ òun nìyẹn. Wọ́n ń tò lórí ìlà o, ọjọ́ mìíràn wọ́n á dé ilé wọ́n á ní kò sí oògùn. Ṣùgbọ́n wọn kì í pe Lọ́ńdọ̀nù tọrọ owó kí wọ́n tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò mọ́, mo sì rí i lójú wọn pé èyí tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ọjọ́ tí mo lọ gba fọ́ọ̀mù tiwọn, méjì ni mo gbà. Mo kọ orúkọ mi sí ìkejì. Òkété kì í dàgbà lọ́jọ́ kan.