Ṣé Ó Tọ́ Kí Ènìyàn Bá Àlejò Rẹ̀ Kú?

Bí ènìyàn bá kúrò ní Akànràn, tí ó gba Ìbàdàn jáde sí ọ̀nà Ìwó, yóò dé Lálúpọn. Níbẹ̀ ni àwọn sójà ọlọ̀tẹ̀ ti pa Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 1966. Sójà ọmọ Adó-Èkìtì ni, ẹni ogójì ọdún, tí ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà lójú ogun ní Kóńgò. Aguiyi-Ironsi, olórí orílẹ̀-èdè, ni ó gbà lálejò n'Ìbàdàn. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí wọ́n wá mú àlejò náà, Fájuyì kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Wọ́n sì pa àwọn méjèèjì.

Àwọn kan ń béèrè pé: èrè wo ló wà níbẹ̀? Àlejò kò yè, ìyàwó onílé di opó, àwọn ọmọ rẹ̀ pàdánù baba. Ìbéèrè yìí wúwo, nítorí gbèsè ọmọ wà lọ́rùn gbogbo òbí.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, a kì í fi èrè díwọ̀n òótọ́. Ẹni tí ó bá gba àlejò sílé ti gba ààbò rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá sá lọ́jọ́ ewu, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, títí kan àwọn ọmọ rẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè pa irú ikú bẹ́ẹ̀ láṣẹ fún ẹlòmíràn. Olúwarẹ̀ nìkan ló lè yàn án.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, a lè má rí ìbọn láéláé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn èké kan ọ̀rẹ́ tí ó bá wa wá, ṣé a ó dúró tì í, àbí a ó ní a kò mọ̀ ọ́n rí?