Ojú Òru Tí Kò Ríran

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi Àjíǹde, méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, gbé ẹjọ́ wá bá mi lẹ́yìn tí kíláàsì tú. Ẹjọ́ náà kì í ṣe ti owó, kì í sì í ṣe ti ìjà; eré orí kọ̀ǹpútà ló dá a sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní ẹnì kejì òun ṣe ojóró. Ọmọkùnrin náà ní gbèsè tí wọ́n jẹ òun lòun gbà. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi, nítorí mo rántí pé mo ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì dá a dáadáa.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé eré náà fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa tí kò mọ̀ ọ́n. Eré tí ènìyàn fi ń gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀ ni. Baba gbogbo wọn ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀ nígbà náà: ìwé ni, dáìsì, àti àwọn ènìyàn tó jókòó yí tábìlì ká. Oníkálukú yóò yan ẹ̀dá tí yóò jẹ́: ènìyàn, aràrá, tàbí iwin inú igbó. Àwọn kan nínú ẹ̀dá wọ̀nyí a máa ríran lóru, ṣùgbọ́n ìríran náà ní ààlà. Nínú ìwé òfin tó jáde ní 2014, ojú òru ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 60, nǹkan bíi mítà 18. Òkùnkùn biribiri a dà bí ìrọ̀lẹ́ lójú wọn, wọn kò sì ní mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Eérú ni ohun gbogbo. Lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìríran yìí: ẹni tó ń darí eré yóò sọ fún aràrá ohun tó wà nínú ihò. Nígbà tí irú eré yìí bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ojú tiwa gan-an ló wọ̀ ọ́. Nínú Skyrim, tó jáde ní 2011, àwọn ẹ̀yà Khajiit tó dà bí ológbò lè pe ojú òru wọn, ohun tí à ń wò yóò sì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré. Bí ó bá tán, ẹ tún un pè.

Eré tí àwọn ọmọ mi ń ṣe jọ èyí. Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà yan ẹ̀dá tí ìwé eré sọ pé ó ń ríran lóru. Kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tó bá gba ojú yìí yóò fi apá kan nínú agbára ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ ihò àpáta, ó tẹ bọ́tìnì, àmì ojú náà tàn, òkùnkùn kò sì yẹ̀. Ó pa eré náà, ó tún un tàn. Bákan náà ni. Nígbà tó sú u, ó gbé ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sókè títí dúdú fi di eérú. Ènìyàn ni ọmọbìnrin náà yàn ní tirẹ̀. Ó ń gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́ òsì, nítorí náà kò lè gbé apata. Àwọn méjèèjì sì ti jọ fẹnu kò láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ jáde nínú ihò náà.

Nínú The Grasshopper, ìwé tó jáde ní 1978, Bernard Suits ṣàlàyé pé ṣíṣe eré ni pé kí ènìyàn fínnúfíndọ̀ gba ìdíwọ́ tí kò pọn dandan fún un láti gbà. Bí a bá tẹ̀lé e, ọmọbìnrin náà jàre: òkùnkùn ni ìdíwọ́ tí wọ́n jọ gbà, ẹni tó bá tan iná láti òde ti kúrò nínú eré. Ṣùgbọ́n òkùnkùn wo ni ọmọkùnrin náà gbà? Èyí tí ojú òru wà nínú rẹ̀ ni. Èyí tí ẹ̀rọ fún un, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà fún mi ní èsì kan tí mo gbádùn. Ó ní ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe, òun ni òfin. Ìwé kàn ń polówó ni. Mo rò ó wò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò ní lè sọ láéláé pé ohun kan bàjẹ́ nínú eré. Ojú tí kò ríran yóò kàn jẹ́ ojú tí òfin ní kó má ríran. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló sọ níṣojú mi pé ojú òru ẹnì kejì òun kò ṣiṣẹ́. Kí ó tó lè sọ bẹ́ẹ̀, ó ti gbà pé iṣẹ́ kan wà tó yẹ kí ojú náà ṣe. Àdéhùn ni òfin. Ìránṣẹ́ ni ẹ̀rọ, ìránṣẹ́ a sì máa ṣi iṣẹ́ jẹ́.

Mo ti fẹ́ dá ọmọkùnrin náà láre nígbà tí mo bi í léèrè: ìṣẹ́jú mélòó ni ìwé ní ojú náà yóò fi ríran? Ó ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà yóò sinmi. Ìmọ́lẹ̀ tí o gbé sókè ńkọ́? Kò dáhùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tí wọ́n jẹ ní iṣu mẹ́wàá, tó wọ oko ajigbèsè lọ wa iṣu, a lè fi orí jì í bí ó bá wa mẹ́wàá. Bí ó bá wa gbogbo ebè ńkọ́? Mo mọ̀ pé wíwọ̀n rẹ̀ kò rọrùn. Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà kò ní aago; ọmọkùnrin náà ì bá máa ka ení, èjì, dé ọgọ́ta, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dá òkùnkùn padà, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ó sì tún ku ohun kan: oko ta ni iṣu náà ti wá? Àwọn tó ṣe eré ló jẹ gbèsè, wọn kò sì pàdánù ohunkóhun. Ọmọbìnrin tó gbé ògùṣọ̀ láìní apata ni gbèsè náà já lé lórí, òun tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọmọkùnrin náà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti wá ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti fi í pamọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ ń díje. Mo ní kí wọ́n tún ihò náà wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn méjèèjì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n jáde, mo ṣì ń gbọ́ àríyànjiyàn wọn lójúde.

Ẹjọ́ tèmi nìyí. Ní èṣí, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní kíláàsì mi tí ojú rẹ̀ kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, mo sì ṣèlérí pé iwájú ni yóò máa jókòó. Kíláàsì kún, ẹni tó bá tètè dé ló ń gba iwájú, mo gbàgbé. Ní ọjọ́ ìdánwò, mo kọ ìbéèrè sára pátákó, mo sì ká a mọ́ ibi tó ti ń wo ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fún un ní òdo. Ó ní ìbéèrè lòun ń wò, kì í ṣe ìdáhùn. N kò fi ìwé méjèèjì wéra, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan. Ó lè jẹ́ pé ó wo ìdáhùn pẹ̀lú. Ojú tó ti dé orí ìwé ẹlòmíràn láti wá ìbéèrè, ta ni yóò bá a pààlà? Ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ìríran náà. Àwọn tó ṣe eré kò wá jókòó ṣe adájọ́ lórí ọmọkùnrin yẹn. Èmi jẹ gbèsè, mo sì tún dájọ́.

Lẹ́yìn ìsinmi, mo wá ọmọ náà lọ sí kíláàsì tó wà báyìí, mo ní kí ó mú ìwé ìdánwò ìjọ́sí wá kí n tún un wò. Ó ní kò sí mọ́, ìyá òun ti fi dáná. Mo ṣí ìwé máàkì èṣí. Òdo náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà pupa. Mo bi í bóyá ó ń rí pátákó níbi tó ń jókòó sí báyìí. Ó ní òun ń rí i díẹ̀.