Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí ènìyàn bá sanwó fún nǹkan, tí wọn kò sì fún un ní nǹkan ọ̀hún bó ti yẹ, ta ni ó yẹ kó bínú sí? Ṣé ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni, àbí ẹni tó gba owó? Ẹ má tètè dáhùn o. Èmi náà ti tètè dáhùn rí, ìdáhùn mi ọ̀hún kò sì jẹ́ kí n gbádùn oorun mi láti ìgbà náà.

Ní àdúgbò wa ní Ìṣẹrì Olówóra, géètì wà ní ẹnu òpópónà wa, bí ó ti wà ní ọ̀pọ̀ òpópónà l'Ékòó. Bí agogo méjìlá òru bá ti lù, ó di títì nìyẹn. Mègáàdì wa, Màlámù kan tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ló ń tì í, ṣùgbọ́n kò ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ṣí i. Àgádágodo ni, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ tó fi ń tì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nílé alága ẹgbẹ́ onílé, alága náà sì rèé, bó bá sùn, ó di àárọ̀. Ní òru ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti òde ìnáwó bá géètì ní títì. Háà! Èébú tó bu Màlámù kò ṣe é kọ sínú ìwé. Ó ní ọ̀lẹ ni, ó ní òǹrorò ni, ó ní ṣebí òun ni òun ń sanwó oṣù rẹ̀. Màlámù kò sọ ju "Ọ̀gá, ẹ má bínú" lọ. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú fèrèsé mi, n kò sì jáde. Ojú ló ń tì mí. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ń sọ, àfi bíi pé ẹnu mi ló ti yọ ọ́; èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí lórí agbami òkun.

Ọmọ etí omi ni àwa ará Ìṣẹrì. Odò Ògùn ló ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ìtàn sì sọ pé Ògúnfúnmínire, bàbá ńlá àwọn Àwórì, tẹ̀lé àwo kan tó léfòó lórí odò náà títí ó fi dé Ìṣẹrì. Ṣùgbọ́n odò ọ̀tọ̀, òkun ọ̀tọ̀. Ní ọdún 2019, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù pé ọgọ́ta ọdún. Òun ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Ó ní òun kò fẹ́ àsè, òun kò fẹ́ aṣọ ẹbí. Ohun tí òun fẹ́ ni kí èmi àti òun wọ ọkọ̀ afẹ́ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo ṣe gba físà, ìtàn ọjọ́ mìíràn ni. A wọ ọkọ̀ ní Southampton, ó di ọ̀nà Spéènì àti Pọtogí.

Èbúté Southampton yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa. Liverpool ni àwọn ọkọ̀ Elder Dempster ti ń gbé èrò wá sí Èkó tẹ́lẹ̀: Accra, Apapa, àti Aureol tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà náà ní 1951. Ìrìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ọ̀pọ̀ lọ́yà, dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ló bá wọn lọ kàwé, tí wọ́n tún bá wọn padà wálé. Ní 1972 ni wọ́n gbé Aureol kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton. Nígbà tó fi di 1974, ó ṣíwọ́, bàálù ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun láyé ọjọ́un, n ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wa ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òde òní kò lo kọ́kọ́rọ́ irin mọ́. Káàdì pẹlẹbẹ bíi ti báǹkì ni wọ́n ń lò. Àwọn ọdún 1970 ni Tor Sørnes, ará Norway kan, gbé irú rẹ̀ jáde fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì; káàdì tirẹ̀ ní ihò wínníwínní lára, onímágínẹ́ẹ̀tì dé lẹ́yìn náà. Ọgbọ́n gidi ni. Bí àlejò bá ti lọ, wọn á yí ilẹ̀kùn náà padà, káàdì àtijọ́ kò ní lè ṣí i mọ́. Ilẹ̀kùn ọ̀hún a sì máa rántí: káàdì ta ló ṣí i, ní agogo mélòó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ kìíní, káàdì wa méjèèjì kọ̀, iná pupa ni ilẹ̀kùn ń tàn sí wa. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà karùn-ún níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ èrò, a tò sórí ìlà fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní fóònù ló ba káàdì jẹ́, ká má kó wọn sápò kan náà. Ó ṣe òmíràn fún wa. Ní ọjọ́ kejì, èmi mú tèmi dání bí ẹni mú ẹyin. Iná pupa náà ni. Ìlà ni, ẹ̀rín ni, fóònù ni. Ẹ jẹ́ kí n má sọ ti omi ìwẹ̀ tó tutù bí yìnyín, tí mo pè wọ́n sí lẹ́ẹ̀mẹrin, tí wọ́n ní ẹnìkan ń bọ̀, tí ẹnìkan ọ̀hún kò sì dé títí a fi padà sí Southampton. Ẹ sì rántí pé owó tí ẹ̀gbọ́n mi san, owó ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń tọ́jú aláìsàn lóru ni.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ló wá di ariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ní àtọ̀gbẹ. Ní alaalẹ́ ló ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ náà sì wà nínú fíríìjì kékeré inú yàrá. Agogo mọ́kànlá òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà. Iná pupa. Ó ti rẹ Àǹtí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé orí lé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá wa, ará Philippines kan, ń kọjá lọ. Ó mọ̀ wá dáadáa. Láti ọjọ́ tí a ti wọlé ló ti ń pe Àǹtí ní "Mama". Mo rí káàdì tirẹ̀ tó fi ń wọ gbogbo yàrá, ó so ó mọ́ bẹ́líìtì. Mo ní, "Bá wa ṣílẹ̀kùn." Ó ní kí n má bínú, òfin kò gbà á, àfi kí n lọ gba káàdì mìíràn ní àjà karùn-ún.

Mo pariwo. Mo ní ìwọ ẹni yìí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, o fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kú sẹ́nu ọ̀nà? Mo ní ṣebí owó wa ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Mo sọ òmíràn tí mo dúpẹ́ pé Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Àwọn èrò ti ń yọjú. Ọmọ náà wo iwájú, ó wẹ̀yìn, ó wo Àǹtí nílẹ̀, ó fa káàdì yọ, ó ṣílẹ̀kùn. Àǹtí gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sùn.

Èmi kò sùn. Mo jókòó, mo kọ ẹjọ́ ojú ìwé mẹ́ta. Iṣẹ́ mi sáà ni. Ìwé ìròyìn ni mo ń kọ fún, mo mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó lè ta ẹni tó bá kà á lára. Mo kọ ti káàdì, mo kọ ti omi, mo sì kọ orúkọ ọmọkùnrin náà bí mo ṣe rí i láyà aṣọ rẹ̀: pé ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, pé ó dúró tó ń wò wá, pé àfìgbà tí mo pariwo kó tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ fi jíṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọ̀gá kan tó wọ aṣọ funfun kan ilẹ̀kùn wa, ó gbé abọ́ èso dání. Ó bẹ̀ wá títí. Ó ní wọ́n ti tún ilẹ̀kùn ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ pé ọmọkùnrin yẹn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ṣí i rárá, pé àwọn ti wo àkọsílẹ̀ ilẹ̀kùn, ó sì bá ohun tí mo kọ mu, pé àwọn ti bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ẹ wá wò ó: mo bú u nítorí pé kò ṣílẹ̀kùn, wọ́n mú un nítorí pé ó ṣí i, èmi kan náà sì ni ẹlẹ́rìí sí méjèèjì.

Àǹtí kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Àbúrò mi, ṣé o ti gbàgbé Bàbá Sítúwáàdù ni?"

Bàbá Sítúwáàdù ni à ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní àwọn ọdún 1960, òun náà ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún èrò ọkọ̀, ó ń gbé tíì fún wọn láàárọ̀. Kọ́kọ́rọ́ irin ni tìgbà náà. Bàbá a máa sọ fún wa pé, "Bí kọ́kọ́rọ́ oyìnbó bá sọnù, èmi ni mo sọ ọ́ nù. Bí wọ́n bá rí i lápò ṣòkòtò rẹ̀, kò sọnù rí nìyẹn." A ó bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé èmi ni n ó padà di oyìnbó yẹn.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ó ní àánú òmùgọ̀ ni mo ń ṣe. Ó ní ohun tó ba ilẹ̀ wa jẹ́ gan-an nìyẹn. Bí nọ́ọ̀sì bá fi aláìsàn sílẹ̀, a ó ní owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí kọ̀ńdọ́ bá jẹ ṣéńjì wa mọ́lẹ̀ ní Berger, a ó ní ọmọ tálákà ni, ká fi í fún Ọlọ́run. Ó ní bí a kò bá fẹjọ́ ẹni tó wà níwájú wa sùn, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní mọ̀ láéláé pé nǹkan bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lẹ́nu, nítorí òótọ́ ni. Bí mo bá dákẹ́ lóru yẹn, abẹ́rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ì bá kọjá àkókò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n dákẹ́, kì í ṣe òun ló ni ẹ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n mo tún rò ó. Ẹjọ́ tí mo pa lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹjọ́ abẹ́rẹ́ ni. Èyí tí mo kọ sínú ìwé ní òru kò ní abẹ́rẹ́ nínú mọ́. Àǹtí ti sùn. Ẹ̀san ni mo ń wá. Nínú gbogbo ọkọ̀ náà, orúkọ ọmọ yẹn nìkan ni mo mọ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀kùn tí kò dára, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó fi ènìyàn méjì síbi tó yẹ kí mẹ́fà wà ní àjà karùn-ún, n kò mọ̀ ọ́n. Àwọn yẹn kì í so orúkọ mọ́yà. Àwọn tí a lè rí bú nìkan ni wọ́n ń so orúkọ mọ́ láyà. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ibẹ̀ náà ni mo sì ti bù ú.

Mo kà nípa iṣẹ́ wọn lẹ́yìn náà. Philippines, Indonesia àti India ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Wọ́n sábà ń lo oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lójú omi kí wọ́n tó rí aya àti ọmọ. Òfin àgbáyé kan wà lórí iṣẹ́ ojú omi, wọ́n ṣe é ní 2006, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013. Ohun tó fi lélẹ̀ ni pé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 14 lọ lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ ju 72 lọ láàárín ọjọ́ 7. Òfin tó ń dáàbò bò wọ́n ni mo ń sọ yìí o! Ṣé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá ni n ó wá kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí?

Àwọn kan wà tí ojú wọn là jù tèmi lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2013, iná jó níbi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Carnival Triumph ní Gulf of Mexico. Ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 4,000. Iná mànàmáná lọ, ilé ìgbẹ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá kí wọ́n tó wọ́ ọ dé Mobile ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, inú bí wọn sí ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń yin àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó ẹ̀gbin kúrò. Àwọn bàbá wa náà mọ ibi tí a ń gbé ẹjọ́ lọ. Ní 1959, nígbà tí nǹkan sú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ Apapa, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹgbẹ́ wọn kojú, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ dìde lábẹ́ T. E. A. Salubi láti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Nígbà tí mo délé, mo kọ ìwé mìíràn sí àwọn ọlọ́kọ̀ wa, pé kí wọ́n dá ọmọ náà láre, èmi ni mo fi ariwo mú un. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní bí a bá tún fẹ́ rìnrìn àjò, àwọn yóò bu owó kúrò fún wa. Kò sí orúkọ ọmọ náà níbẹ̀. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ èsì náà pẹ̀lú.

Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì mí lójú fèrèsé. Ní ìpàdé onílé tó tẹ̀lé òru Jímọ̀ yẹn, mo dìde, mo ní kí a gé kọ́kọ́rọ́ kejì fún Màlámù. Ariwo ta. Ọkùnrin tó bú u lóru ló kọ́kọ́ takò mí. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí Màlámù máa ṣí géètì fún olè ni? Alága ní òun kò rí ìwà burúkú lọ́wọ́ Màlámù, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ni kọ́kọ́rọ́. A fà á títí, wọ́n ní kó dára, ká fún un fún oṣù mẹ́ta ká fi wò ó.

Èmi ni wọ́n rán pé kí n mú un fún un. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn ní àtẹ́lẹwọ́. "Ọ̀gá, ẹ ṣé o," ó ní. "Tí olè bá wọlé, ta ni wọ́n á mú?" Mo ní kó má bẹ̀rù. Ó bi mí bóyá wọ́n kọ ìyẹn sínú ìwé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ nílé rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ ní géètì, ẹjọ́ gbogbo wa ni, kì í ṣe ti Màlámù nìkan. Ó kọ ọ́. Ó wá na bírò sí mi, ó ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, àwọn onílé yòókù yóò máa fọwọ́ sí tiwọn bí wọ́n bá ti ń ráyè. Mo fọwọ́ sí i. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, orúkọ mi nìkan ló ṣì wà níbẹ̀.