Ìṣirò Ṣáájú Ìyà: Ọmọlúàbí àti Agbaṣẹ́ṣe Tó Pa Ilé Tì

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tó yà sí àdúgbò tuntun ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, kò ní pẹ́ rí ilé tí ògiri rẹ̀ ti dé líńtẹ́ẹ̀lì, tí kò lórùlé, tí koríko sì ti gba inú yàrá. A ò lè dúró lójú títì ká sọ ẹni tó jẹ̀bi irú ilé bẹ́ẹ̀. Owó lè ti tán lọ́wọ́ onílé. Onílé lè ti kú kí àwọn ọmọ máa jà sí ogún. Ẹjọ́ ilẹ̀ lè wà ní kóòtù. Ṣùgbọ́n irú kan wà láàárín wọn tí gbogbo àdúgbò mọ ìtàn rẹ̀: onílé san owó, agbaṣẹ́ṣe gbà á, ó ṣiṣẹ́ dé ibì kan, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Fóònù ń dún, kò gbé e. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni irú ìyà tó yẹ ká fi jẹ ẹ́. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn yá jù. Ó jẹ onílé ní iṣẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ní ìṣirò. Àìwájíhìn yẹn gan-an ló mú un kúrò lára ọmọlúàbí, òun náà ló sì yẹ kí ìbáwí wa dojú kọ.

Kí iṣẹ́ dúró kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí a ṣì ń fi amọ̀ mọ ilé, dídúró wà lára iṣẹ́: wọ́n á mọ ìpele kan yípo, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kó lè gbé èkejì, bí òjò bá sì tètè dé, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò pe mọlémọlé lólè nítorí èyí, torí onílé mọ ìdí tí iṣẹ́ fi dúró, ó sì mọ ìgbà tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Onílé fúnra rẹ̀, àwọn àna àti ọ̀rẹ́ tó wá ṣe ọ̀wẹ̀, gbogbo wọn wà nídìí iṣẹ́. Kí ni èèyàn fẹ́ fi pa mọ́ fún wọn? Owó àsansílẹ̀ àti ọ̀nà jíjìn ló yí nǹkan padà. Onílé wà ní Èkó tàbí ní London, àwòrán orí fóònù ló ń wò, ó sì ti san owó ohun tí kò tíì fojú rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu agbaṣẹ́ṣe ló kù tó dì mú. Nínú ohun tí Yorùbá ń wò lára ọmọlúàbí, ọ̀rọ̀ sísọ kò kẹ́yìn rárá, kì í sì í ṣe pé kí ọ̀rọ̀ ṣáà ti dùn; kí èèyàn lè dúró ti ohun tó sọ ni, pàápàá lọ́jọ́ tí kò bá lè mú un ṣẹ mọ́. Ẹni tó wá jókòó síwájú onílé tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó ti tán, iṣẹ́ ò sì tíì tán,” ti gba ìtìjú, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ìwà rẹ̀ nù. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá sún mọ́ èrò yìí ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Òfin ààbò oníbàárà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, ní abala 130, ní kí ẹni tó gba iṣẹ́ parí rẹ̀ lásìkò, bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá sì wọlé, kí ó tètè fi tó oníbàárà létí. Òfin gbà pé ìdádúró lè wà; kò gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Kí ló wà nínú ìṣirò yìí? Owó ni gbogbo ayé ń rò: iye tó gbà, iye àpò sìmẹ́ǹtì tó rà, owó irin, owó yanrìn, owó tó san fún àwọn lébìrà. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wúwo ju owó lọ ni èyí tó ti bò mọ́lẹ̀. Báwo ni ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó? Irin wo ló wà nínú òpó, mílímítà 12 ni tàbí 16? Páànù yanrìn mélòó ni wọ́n pò mọ́ àpò sìmẹ́ǹtì kan? Orí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni gbogbo èyí wà, bó bá ti sá lọ, ó ti gbé e lọ nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ dúró, òjò ń rọ̀ sí búlọ́ọ̀kù tí kò lórùlé, irin tó yọ sókè ń dógùn-ún, pákó tí wọ́n fi gbé dẹ́kíìnì ń jẹrà, bí àwọn olè ò bá tíì kó o. Bíríkìlà tó bá gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀nà méjì: kó wó ohun tó bá nílẹ̀, tàbí kó gbé ẹrù lé ohun tí kò mọ agbára rẹ̀. Owó onílé ló bá ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Ìkòyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ ní òpópónà Gerrard, àwọn tó kú sì lé ní 40. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni lẹ́tà kan jáde sí gbangba, èyí tí ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ ní oṣù kejì ọdún 2020, pé àwọn yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì sọ ibi tí àwọn lè dúró fún mọ àti ibi tí àwọn ò lè dúró fún. Àwọn náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Ta ló máa ka ìyẹn kún ìwà ẹni tó sá lọ ní òru? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ sí i, wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ni iṣẹ́ mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Èyí fi hàn pé èèyàn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó má sì fi ọmọlúàbí sílẹ̀.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe ní èsì kan tí a ò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ tì, ìyẹn ọ̀wọ́n ọjà. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì bọ́ sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, sìmẹ́ǹtì tó wà ní nǹkan bíi ₦5,000 lápò di ₦10,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi ní oṣù kejì ọdún 2024, títí ìjọba fi pe àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sí ìpàdé, tí wọ́n ní ₦7,000 sí ₦8,000 ni yóò máa jẹ́. Ẹni tó ti ná owó ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tó gba gbogbo rẹ̀ léjìká, kò sí bí kò ṣe ní wọ gbèsè. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ọjà lè sọ ìdí tí iṣẹ́ fi dúró. Kò lè sọ ìdí tí fóònù fi kú. Ẹni tí rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láyà láti pe onílé pé kí àwọn tún owó ná. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ẹni tó ti fi owó Lágbájá parí òrùlé Tàmẹ̀dò, tó ń dúró de oníbàárà kẹta tí yóò fi owó tirẹ̀ dí ihò ti Lágbájá. Mo rò pé àṣà yìí ló ń pa ilé púpọ̀ tì ju sìmẹ́ǹtì lọ, nítorí ọjọ́ tí oníbàárà tuntun ò bá dé ni gbogbo rẹ̀ yóò túká. Bí a bá fi dandan gba ìṣirò, ibí ni àṣírí rẹ̀ yóò ti tú.

Ẹlòmíràn á ní, “Kí ni ká tún máa ṣírò sí? Ẹ fi ọlọ́pàá gbé e.” Ó wọ́pọ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kọ ọ́ ní kedere pé kí wọ́n má ṣe mú ènìyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Bó bá jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti mọ̀ pé òun ò ní kọ́ ilé, tó fi irọ́ gba owó, jìbìtì nìyẹn. Òfin ọdún 2006 fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún dè é, kò sì fàyè gba owó ìtanràn dípò ẹ̀wọ̀n. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì bí kò bá ṣe nínú ìṣirò? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Onílé tó fi ọlọ́pàá ti agbaṣẹ́ṣe mọ́lé lè rí owó díẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n òun náà ti kúrò lójú ọ̀nà ìwà tó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ní ti kóòtù, Èkó dá kóòtù ẹ̀sùn kéékèèké sílẹ̀ ní 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, pé kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Èyí dára púpọ̀, àmọ́ ilé tó ní dẹ́kíìnì kì í pẹ́ kọjá iye yẹn mọ́ lóde òní.

Ta wá ni kó báni wí? Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Abala 7107 nínú òfin wọn sì sọ pé pípa iṣẹ́ tì láìsí ìdí tí òfin mọ̀ tó láti fi bá a wí, àní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àtúnṣe ilé kò gbọdọ̀ gba àsansílẹ̀ tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí $1,000 lọ, èyí tó bá kéré jù níbẹ̀. Àwa náà ní CORBON fún àwọn akọ́lé láti 1989 àti COREN fún àwọn ẹnjiníà láti 1970, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nìkan ni ọwọ́ wọn tó, ilé oníyàrá mẹ́ta tí à ń kọ́ ní Fìdítì, bíríkìlà ló sábà máa ń kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ bíríkìlà ló sún mọ́ ọn jù. Níwájú wọn ni ọmọọṣẹ́ ti ń gba fírídọ̀ọ̀mù, àwọn ló ń bá a nínáwó bí òkú bá ṣẹlẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wọn pé bíríkìlà kì í gba iṣẹ́ tí ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀ láì kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún. Àṣà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ti di ibi ìsádi fún ẹni tó sá lọ, torí onílé kì í rí ẹni bá a parí ilé. Kí ẹgbẹ́ yí i padà. Kí wọ́n fún un ní gbèdéke. Bí kò bá wá, kí àwọn fúnra wọn rán ẹni tó mọṣẹ́ lọ wọn ohun tó ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tú iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Títí yóò fi wá ṣírò, kí ó má ṣe jókòó sí ìpàdé, kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ kankan má ṣe gba fírídọ̀ọ̀mù lórúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá wá, tí wọ́n sì jọ fẹnu kò sí bí yóò ṣe san èyí tó jẹ, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Wọ́n á ní ẹgbẹ́ kì í dá ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́bi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àgbà tí kì í ṣe bíríkìlà, láti àdúgbò tàbí láàfin, wà níbẹ̀. Ohun tó ṣòro jù lójú tèmi ni ẹbí. Agbaṣẹ́ṣe yìí sábà máa ń jẹ́ àbúrò onílé tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ojú rẹ̀ tán, àwọn ìyá á ní ká bò ó mọ́lẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Bíbò yẹn kì í ṣàánú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ẹ̀sùn síta, nítorí náà kò ríbi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tí yóò tún fi kọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́.

Onílé náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjọba. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ sọ ní 2011 pé iṣẹ́ 11,886 ni ìjọba ti pa tì, tí yóò gba ₦7.78 tírílíọ̀nù kí wọ́n tó lè parí wọn. Kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe ló pa gbogbo ìyẹn tì. Rélùwéè inú ìlú tí Gómìnà Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ìjọba ológun ló fagi lé e ní 1985. Nínú ilé kékeré náà, onílé wà tó ń ti iṣẹ́ síwájú, tí ń dákẹ́ bí ó bá di ọjọ́ owó, tó sì máa ń yí pùláànì padà láì fi kún owó. Kí àdéhùn sọ ọ́ pé ìpele ìpele ni owó yóò máa wá, ìpìlẹ̀, líńtẹ́ẹ̀lì, òrùlé, kí agbaṣẹ́ṣe sì ní ẹ̀tọ́ láti dá iṣẹ́ dúró bí owó ìpele kan kò bá wọlé, bí ó bá ṣáà ti sọ ọ́. Níwájú ẹgbẹ́ kan náà ni kí wọ́n pe onílé bẹ́ẹ̀ sí, bó bá sì ní òun ò ní wá, kí wọ́n sọ fún àwọn bíríkìlà yòókù pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé irinṣẹ́ lọ síbẹ̀ títí yóò fi san owó iṣẹ́ tó jẹ.