Òru Ẹni Tó Wà Lórí Ìdùbúlẹ̀ Àìsàn

Ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, nígbà tí àwọn ìyá aláta bá ti palẹ̀ àtẹ mọ́ l'Ọ́jàa'ba, tí ilẹ̀ sì ṣú bo òkè Màpó, kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé iṣẹ́ wo gan-an ni òru ń ṣe lára ọmọ ènìyàn. Ẹni tó bá ní ẹbí nínú yàrá ICU, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Iná ibẹ̀ kì í kú, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn kì í yé ké, àwọn nọ́ọ̀sì a sì máa jí aláìsàn láti gba ẹ̀jẹ̀, láti yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà degbò. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. N kò dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀, mọ́gàjí agboolé kan ní Bẹyẹrunkà, ẹni tí kì í sọ àsọjù, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kábákàbá: a máa kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé káàbọ̀, a máa fa rọ́bà omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tu. Àwọn kan a ní ará ọ̀run ló ń pè é, àwọn mìíràn a ní ayé ni. N kò sọ pé òkú kò lè bá alààyè sọ̀rọ̀ o. Ohun tí mo ń wí ni pé ká tó pe ọ̀rọ̀ náà ní ìran, ká kọ́kọ́ wádìí iye òru tí bàbá kò fi sùn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Òru ní èròjà tirẹ̀ lára ènìyàn: ní 1958, ọdún kan lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn UCH wa ṣílẹ̀kùn, Aaron Lerner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale, l'Amẹ́ríkà, yọ èròjà náà, melatonin, jáde láti inú orí màlúù. Kókó kékeré kan nínú ọpọlọ ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń dá a dúró. Ẹlẹ́dàá tó fi òru bo ayé fi òru sínú ènìyàn pẹ̀lú, a kò sì lè gba òru yìí lọ́wọ́ aláìsàn kí làákàyè rẹ̀ má mì.

Ṣé kóró oògùn lè dá òru náà padà? Àwọn oníṣègùn ní Australia fún àwọn kan nínú aláìsàn ICU tó lé ní 800 ní melatonin lálaalẹ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní ayédèrú rẹ̀; àbájáde tó jáde ní 2022 fi hàn pé ìrànrán náà kò dín kù. Kò yà mí lẹ́nu, nígbà tí iná ṣì ń tàn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa dín iná kù lóru, kí ẹ sì kó iṣẹ́ tó bá ṣeé kó pọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ẹbí, bí ẹ bá débẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ má bá bàbá jiyàn. Ẹ fi awò ojú rẹ̀ sí i lójú, kí ẹ sì sọ fún un pé Jímọ̀ lòní.